Ẹjọ́ Ọmọ Aláǹtakùn Nílẹ̀ Alárá àti Ajerò

Láti oṣù Ògún ọdún 1903, nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ fi àwòrán tí ń rìn han àwọn ará Èkó nínú gbọ̀ngàn Glover, títí di òní olónìí tí ọmọdé lè di odidi sinimá mú sí àtẹ́lẹwọ́, ọ̀pọ̀ ìwé ni a ti kọ nípa àwọn tí ń ṣe fíìmù, nípa àwọn tí ń ṣeré inú rẹ̀, àti nípa owó tí ń wọlé fún wọn. Ṣùgbọ́n ìwọ̀nba díẹ̀ ni ohun tí a kọ nípa àwọn tí ó san owó, tí wọ́n jókòó sínú òkùnkùn, tí wọ́n ń wòran, tí wọ́n sì ń dá àwòrán lóhùn bí ẹni pé àwòrán náà létí. Àwọn wọ̀nyí gan-an ni mo tìtorí wọn gba ọ̀nà Èkìtì lọ ní àkókò tí àwọn ọmọ iléèwé wà nínú ìsinmi ọlọ́jọ́ gbọọrọ, tí òjò ń rọ̀ lóòrèkóòrè, tí iṣu titun sì ti wà lórí àtẹ lẹ́bàá títì láti Ìyìn dé Ìgèdè.

Fíìmù tí mo ń tọ ipasẹ̀ rẹ̀ ni kátúùnù Amẹ́ríkà tí wọ́n ń pè ní Spider-Man: Across the Spider-Verse, tí ó wọ ilé sinimá lóṣù Òkúdù ọdún 2023. Àbúrò ló jẹ́ fún èyí tí ó jáde ní 2018, Into the Spider-Verse, tí ó gba ẹ̀bùn Oscar fún kátúùnù tí ó dára jù lọ ní 2019, tí ó sì sọ Peter Ramsey, ọ̀kan nínú àwọn mẹ́ta tí ó darí rẹ̀, di olùdarí adúláwọ̀ àkọ́kọ́ tí ó gba irú ẹ̀bùn náà. Ọ̀dọ́mọkùnrin adúláwọ̀ kan ní Brooklyn, Miles Morales, tí bàbá rẹ̀ jẹ́ ọlọ́pàá, tí ìyá rẹ̀ jẹ́ nọ́ọ̀sì, ìran Puerto Rico, ni aláǹtakùn kan bù jẹ, tí ó fi bẹ̀rẹ̀ sí í rìn lára ògiri, tí ó ń fò láti orí ilé dórí ilé. Nínú fíìmù kejì yìí, ó bá àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ pàdé, àwọn akọni aláǹtakùn tí ó wá láti ayé oríṣiríṣi, olórí wọn sì sọ fún un pé ohun kan wà tí a ti kọ mọ́ gbogbo irú wọn: pé wọ́n fẹ́ gbé bàbá rẹ̀ ga sí ipò ọ̀gá ọlọ́pàá, pé ní kété tí ó bá dé ipò náà ni yóò kú, àti pé bí Miles bá fi agídí gbà á là, gbogbo ayé tí wọ́n ti wá ni yóò tú ká. Ọmọ náà ní òun kò gbà. Orí kíkọ̀ yìí ni gbogbo ọ̀rọ̀ fíìmù náà dúró lé.

Mo ti wò ó tẹ́lẹ̀ ní ilé sinimá ńlá kan ní Ìbàdàn, níbi tí atẹ́gùn tútù ti ń fẹ́ láti ara ògiri, tí àwọn ọ̀dọ́ sì ń pàtẹ́wọ́ fún àwọ̀ mèremère àti fún orin. Wọ́n pariwo níbi tó yẹ, wọ́n dákẹ́ níbi tó yẹ, wọ́n ya fọ́tò níwájú àwòrán ẹnu ọ̀nà, wọ́n sì wá ọkọ̀ lọ sílé. Èmi kò rí nǹkan wí sí wọn. Ṣùgbọ́n ìwọ̀-oòrùn Èkìtì ni mo ti rí àwọn tí ó gba ọ̀rọ̀ náà bí ẹjọ́ tí a gbé wá síwájú wọn, tí wọ́n ní kí ẹnikẹ́ni má lọ sílé títí a ó fi dá a.

Aramọkọ, ìlú Alárá, ni mo kọ́kọ́ dúró sí, ìlú tí orúkọ ọba rẹ̀ kò wọ́n lẹ́nu babaláwo, nítorí pé bí Ifá bá ń ka àwọn ọmọ tí Ọ̀rúnmìlà bí, Alárá ni wọ́n kọ́kọ́ ń dárúkọ, kí wọn tó wá kan Ajerò, ọba Ìjerò. Ilé tí wọ́n ti ń wo bọ́ọ̀lù ni wọ́n ti wo fíìmù náà: ilé gbọọrọ kan tí a fi páàkó àti páànù kọ́, tí a to bẹ́ǹṣì sínú rẹ̀ láti iwájú dé ẹ̀yìn, tí díìṣì wà lórí òrùlé rẹ̀. Jẹnẹrétọ̀ ń ké lẹ́yìn ilé, nítorí náà ẹni tí ó bá fẹ́ sọ̀rọ̀ ní láti gbóhùn sókè, gbogbo wọn ló sì fẹ́ sọ̀rọ̀. Lọ́jọ́ tí bọ́ọ̀lù bá wà, àwọn géńdé ló ń gba ibẹ̀ kan. Lọ́jọ́ tí mò ń wí yìí, àwọn ọmọdé ló wà níwájú, àwọn mẹ́káníìkì àti ọlọ́kadà wà láàárín, àwọn àgbà díẹ̀ tí wọ́n yà wá forí pamọ́ fún òjò sì dúró sẹ́yìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá kan tí ń ta ẹ̀pà sísè.

Ohun tí mo kọ́kọ́ ṣàkíyèsí ni pé fífò tí ọmọ náà ń fò kò ya ẹnikẹ́ni lẹ́nu. Ìlú tí wọ́n ti ń pìtàn egbé àti àféèrí, tí ọmọ ọwọ́ ti gbọ́ nípa ọdẹ tí ó pòórá láàárín igbó tí ó sì yọ sílé, kì í ṣe ìlú tí a ó ti la ẹnu sílẹ̀ nítorí ẹni tó lè rìn lára ògiri. Àwọn ọmọdé ń ka ẹ̀ṣẹ́, wọ́n ń fi ẹnu ṣe ariwo okùn aláǹtakùn, ṣùgbọ́n àwọn àgbà ń wo ibòmíràn. Ibi tí wọ́n ń wò hàn sí mi nígbà tí fíìmù dé ibi àpèjẹ tí ẹbí ṣe lórí òrùlé ilé nítorí ìgbéga bàbá Miles, tí àwọn ará àti ọ̀rẹ́ ti pé, tí orin ń lọ, tí ọmọ tí wọ́n ń retí kò sì tètè dé, tí àkàrà òyìnbó tí wọ́n ní kí ó gbé wá sì ti bàjẹ́ mọ́ ọn lọ́wọ́. Ìyá ẹlẹ́pà gbé igbá rẹ̀ sílẹ̀. Ó ní, “Wọ́n ń ṣe ìnáwó bàbá ẹ, o ò tètè dé! Ọmọ wo rèé?” Àwọn obìnrin tó wà lẹ́nu ọ̀nà kín in lẹ́yìn, wọ́n fẹjọ́ ọmọ náà sun ara wọn, wọ́n sì tún bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀bẹ̀ fún un nígbà tí ìyá rẹ̀ mú un lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan láti bá a sọ̀rọ̀, tí ó sì gbà á láyè kí ó lọ, pẹ̀lú ìkìlọ̀ pé kí ó má jẹ́ kí ayé sọ fún un pé kò ní ibi tirẹ̀. Èdè Òyìnbó tí ń dún nínú tẹlifíṣọ̀n kò yé ìyá ẹlẹ́pà tó bẹ́ẹ̀. Ojú ìyá yé e.

Oyè ni gbogbo ilé náà pe ìgbéga yẹn. Wọ́n ní wọ́n fẹ́ fi bàbá joyè, oyè náà ló sì máa pa á. Ọ̀rọ̀ tí ó gùn nínú fíìmù, tí wọ́n fi ẹ̀rọ àti ìmọ́lẹ̀ àti àwòrán ọ̀kẹ́ àìmọye ṣàlàyé, ni ọlọ́kadà kan ti ká sínú gbólóhùn kan fún ẹnì kejì rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni kò sì fi nǹkan kan sílẹ̀ nínú rẹ̀. Nígbà tí ẹgbẹ́ aláǹtakùn dìde láti mú Miles, ọgọ́rọ̀ọ̀rún wọn, tí ó ń sá láàárín wọn, ariwo tí ó gbòde kò jọ ariwo eré mọ́. “Ulé ni kó sá lọ o! Ulé!” ni wọ́n ń ké ní ohùn Èkìtì, nítorí pé bí ọ̀rọ̀ bá dójú ẹ̀, èdè tí a gbọ́ lẹ́nu ìyá ni a fi ń sọ ọ́. Ọmọ náà sì sá lọ sílé lóòótọ́. Àfi bí ẹ̀rọ tí ó gbé e ṣe gbé e lọ sí ayé tí aláǹtakùn tí ó bù ú jẹ ti wá, tí kì í ṣe ayé tirẹ̀. Ó ń sọ̀rọ̀ fún ìyá rẹ̀, ìyá kò mọ ohun tí ó ń wí. Bàbá rẹ̀ ti kú ní ayé yẹn. A so òun fúnra rẹ̀ mọ́lẹ̀ níwájú ojú ara rẹ̀. Ibẹ̀ ni fíìmù náà dá ọ̀rọ̀ dúró, lẹ́yìn wákàtí méjì àti ìṣẹ́jú 20, tí ó ní ìyókù ń bọ̀.

Ẹ kò ní gbọ́ irú ìhó bẹ́ẹ̀ nínú ilé sinimá olówó ńlá. Àwọn kan ní kí wọ́n dá owó wọn padà. Àwọn kan ní ẹni tó ni ilé ló pa á. Ó búra fún wọn pé bí wọ́n ṣe ṣe é láti ìlú òyìnbó nìyẹn, kí wọ́n tó gbà.

Òjò kò tíì dá, nítorí náà kò sẹ́ni tó lè lọ, ìjíròrò sì bẹ̀rẹ̀. Àgbàlagbà kan tí ó ti dúró láti ìbẹ̀rẹ̀ láìsọ̀rọ̀ ló kọ́kọ́ là á pé ọmọ náà ń ja ìjà tí apá kò ká, nítorí pé àyànmọ́ ò gbóògùn. Ọ̀dọ́ mẹ́káníìkì kan tí ọwọ́ rẹ̀ ṣì dúdú fún ọ́ìlì dìde dúró. Ó ní, “Bàbá, ẹ má bínú sí mi. Bí àyànmọ́ ò bá gbóògùn, kí là ń rúbọ fún? Kí là ń gbààwẹ̀ fún?” Gbogbo ilé hó. Bàbá náà kò bínú. Ó rẹ́rìn-ín, ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì tí wọ́n sún fún un, ó sì ṣe àlàyé tí mo fẹ́ kí àwọn tí ń kọ̀wé nípa fíìmù ní ìlú ńláńlá gbọ́. Ó ní ohun tí ẹ̀dá mú wá sáyé kò ju ọ̀nà mẹ́ta lọ: èyí tí ó kúnlẹ̀ tí ó fẹnu ara rẹ̀ yàn, èyí tí ó kúnlẹ̀ tí a gbé lé e lọ́wọ́, àti èyí tí a yàn mọ́ ọn. Ó ní, “Èwo ni ikú bàbá nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta? Ọmọ ò kúnlẹ̀ yàn án. Elédùmarè ò gbé e fún un. Ọ̀gá wọn yẹn ló wá sọ fún un pé bẹ́ẹ̀ ló rí. Nǹkan ti ṣe òun náà rí, ó wá fi ohun tó ṣe é ṣòfin fún ọmọ ọlọ́mọ. Ìyẹn kì í ṣe àyànmọ́. Àṣẹ ìjọba ni.”

Bí ọ̀rọ̀ náà ṣe rí nínú fíìmù gan-an nìyẹn, nítorí pé olórí ẹgbẹ́ náà, Miguel O'Hara, ti lọ jókòó sí ipò ẹlòmíràn nínú ayé tí kì í ṣe tirẹ̀, ó pe ọmọ ẹlòmíràn ní ọmọ rẹ̀, ayé náà sì fọ́ mọ́ ọn lójú. Láti inú ọgbẹ́ yẹn ni ó ti fa òfin tí ó ń fi de gbogbo ẹgbẹ́. Mo ti rìn débi tí wọ́n ti yin àwòrán fíìmù yìí fún odidi wákàtí, mi ò tíì gbọ́ ẹni tí ó tú ìdí ọ̀rọ̀ náà bí bàbá yìí ti tú u, bẹ́ẹ̀ òjò ló mú un wọlé.

Ní Ìjerò, níbi tí àwọn awakùsà ti ń wa òkúta iyebíye lábẹ́ ilẹ̀, tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kọ́lẹ́ẹ̀jì ìmọ̀ ìlera sì ń kún ojú títì pẹ̀lú aṣọ funfun wọn, fíìmù àkọ́kọ́, ti 2018, ni mo bá àwọn ọmọdé wò nínú gbọ̀ngàn kan tí wọ́n ta aṣọ funfun mọ́ ògiri rẹ̀. Àwọn tí ó ṣe fíìmù náà dá ọgbọ́n kan sí i tí mo fẹ́ rí bóyá ojú ọmọdé yóò mú un. Àwòrán 24 ni sinimá ń lò láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Ṣùgbọ́n ní ìbẹ̀rẹ̀, nígbà tí Miles kò tíì mọ agbára rẹ̀ í lò, àwòrán 12 péré ni wọ́n ń yà fún un láàárín àkókò yẹn, tí wọ́n ń lo ọ̀kọ̀ọ̀kan lẹ́ẹ̀mejì, tí ó fi ń rìn gátagàta lẹ́gbẹ̀ẹ́ akọni àgbà tí ó ń kọ́ ọ, tí tirẹ̀ pé. Ìgbà tí ó wá gba ara rẹ̀ gbọ́, tí ó bẹ́ láti orí ilé gogoro, ni àwòrán tirẹ̀ náà pé. Kò sí ẹni tí ó sọ èyí fún àwọn ọmọ Ìjerò. Síbẹ̀, gbogbo ìgbà tí ó bá ń ta gọ́ọ́gọ́ọ́ ni wọ́n ń fi í rẹ́rìn-ín, tí wọ́n ń pè é ní ọmọ tuntun, ṣùgbọ́n nígbà tí ó bẹ́, tí gíláàsì tí ọwọ́ rẹ̀ lẹ̀ mọ́ fọ́, tí wọ́n sì dorí àwòrán kodò tí ẹni tí ń já bọ́ fi dà bí ẹni tí ń gòkè, gbogbo wọn dìde lórí ìjókòó, àwọn mìíràn gun orí bẹ́ǹṣì, ọmọdékùnrin kan sì ké pé, “Ó ti mọ̀ ọ́n!” Kò ní ó ti fò. Ó ní ó ti mọ̀ ọ́n.

Àwọn ọmọbìnrin àárín wọn ló sọ fún mi nípa Iyanu, kátúùnù tí Roye Okupe, ọmọ Nàìjíríà tí ń gbé Amẹ́ríkà, dá sílẹ̀ nínú ìwé aláwòrán kí ó tó di ti tẹlifíṣọ̀n lóṣù Igbe ọdún 2025, níbi tí ọmọ òrukàn kan nílẹ̀ Yorùbá ti jí lọ́jọ́ kan tí ó bá agbára àràmàǹdà lára rẹ̀. Orí fóònù ni wọ́n ti wò ó, mẹ́rin tàbí márùn-ún sórí fóònù kan. Inú wọn dùn sí irun rẹ̀, inú wọn dùn sí orúkọ rẹ̀. Ẹ̀dùn ọkàn wọn ni pé èdè Gẹ̀ẹ́sì ni ó ń sọ nínú èyí tí wọ́n rí. Ọ̀kan nínú wọn béèrè lọ́wọ́ mi, pẹ̀lú ọ̀wọ̀, “Bọ̀dá, ṣé wọn ò lè kì í ni?” Ìbéèrè náà kò kúrò lọ́kàn mi. Akọni tí a kò kì, tí ẹnikẹ́ni kò pe orúkọ àwọn tí ó bí i lé e lórí kí ó tó jáde ogun, ìhòòhò ló wà lójú ará Èkìtì, bí ó ti wù kí aṣọ ìjà rẹ̀ máa dán tó. Kí àwọn ọ̀dọ́ wa tí ń fi kọ̀ǹpútà yàwòrán fetí sí ọmọbìnrin yẹn: iṣẹ́ wà fún wọn níbẹ̀.

Ìjerò yìí kan náà ni tíṣà àgbà kan tí ó ti fẹ̀yìn tì ti gbọ́ ohun tí bàbá Aramọkọ wí láti ẹnu mi, tí ó sì rán mi létí ìtàn tí ó so ìlú méjèèjì pọ̀. Àwọn ọmọ Ọ̀rúnmìlà wá kí bàbá wọn níjọ́ kan tí ó ń ṣọdún, Alárá kí i, Ajerò kí i, gbogbo wọn kí i bí ó ti yẹ, àfi Ọlọ́wọ̀, àbíkẹ́yìn wọn, tí ó kọ̀ tí kò kí i, tí ó ní òun náà dé adé bí bàbá ti dé adé. Bàbá bínú, ó gba ọ̀run lọ. Ayé dàrú lẹ́yìn rẹ̀, aboyún kò bí, òjò kò rọ̀, àwọn ọmọ sì tọ̀ ọ́ lọ láti bẹ̀ ẹ́ kí ó padà wálé. Kò padà mọ́, ikin 16 ni ó fún wọn kí wọ́n máa fi bá òun sọ̀rọ̀. Tíṣà ní ìdí rẹ̀ nìyí tí ará Ìjerò kò fi lè wo ọmọ tí ń sáré kí bàbá má lọ kí ó má rí ara rẹ̀ nínú rẹ̀: Ajerò gan-an wà lára àwọn tí ó pẹ́ kí wọ́n tó bẹ̀ bàbá.

Òkèmẹ̀sí ni mo gbà kọjá, mi ò sì dúró pẹ́ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n bí a bá perí akọni, a fi idà lalẹ̀, nítorí náà n kò lè kọjá láì dárúkọ Fábùnmi, akọni ìlú náà, ẹni tí ó pa ajẹ́lẹ̀ Ìbàdàn ní 1878 nígbà tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ti gbà pé sísìn ni a yàn mọ́ Èkìtì, tí ogun Kírìjí sì tìtorí rẹ̀ ró títí àdéhùn àlàáfíà ọdún 1886 fi dé.

Ọ̀nà wá bẹ̀rẹ̀ sí í gun òkè, kùrukùru bo igbó lọ́tùn-ún lósì, mo sì wọ Ẹ̀fọ̀n Aláayè, Ẹ̀fọ̀n Kúmòyè, ìlú tí òkè rọ̀gbà yí ká, níbi tí a sin wòlíì Joseph Ayọ̀ Babalọlá sí ní 1959, tí èrò sì ń wọ́ lọ títí di òní. Ìlú oníṣẹ́ ọnà ni. Ibẹ̀ ni a ti bí Ọlọ́wẹ̀, gbẹ́nàgbẹ́nà tí wọ́n mọ̀ mọ́ Ìsẹ̀, ẹni tí ó gbẹ́ ìlẹ̀kùn ààfin Ìkẹ́rẹ́, tí ó fi Ògògà, ọba ìlú náà, hàn lórí ìtẹ́ níbi tí ó ti ń gba àlejò òyìnbó, ìlẹ̀kùn tí wọ́n gbé lọ sí àfihàn ńlá ní Wembley ní 1924, tí kò sì padà wálé mọ́. Ibẹ̀ náà ni Agbọ́nbíọ̀fẹ́, tí ó kú ní 1945, ti gbẹ́ òpó fún ààfin Aláayè, ọba lórí ẹṣin, ìyá pẹ̀lú ọmọ. Mo gbà gbọ́ pé ojú tí a tọ́ lójú irú ìlẹ̀kùn bẹ́ẹ̀, níbi tí a ti ń ka ìtàn láti àpótí kan bọ́ sí èkejì, tí ọba tóbi ju ẹṣin rẹ̀ lọ nítorí pé ó tóbi jù ú lọ nínú ọ̀rọ̀, kò ní ṣòro fún un láti ka kátúùnù tí àwòrán rẹ̀ ń yí padà bí ọkàn akọni ti ń yí padà.

Àgbà kan ní Ẹ̀fọ̀n rántí ọjọ́ tí wọ́n gbé Àiyé, fíìmù tí Hubert Ògúndé ṣe ní 1979, dé àdúgbò wọn. Ó ní nígbà tí àwọn àjẹ́ jáde, àwọn abiyamọ gbé ọmọ wọn pọ̀n, wọ́n sì kọrí sí ẹnu ọ̀nà. Ìgbà tí Òṣétùúrá, babaláwo tí Ògúndé fúnra rẹ̀ ṣe, yọ sí wọn ni wọ́n tó padà jókòó, tí wọ́n ń bá a pe àṣẹ. Mo bi í bóyá wọn kò mọ̀ pé eré ni. Ó wò mí dáadáa. Ó ní, “A mọ̀ pé eré ni. Ta ló wá fi ẹni tí ń jà fún wa sílẹ̀ kó máa dá jà?” Kò sí ohun tí ó sàn ju èyí lọ tí mo lè fi ṣe àlàyé ariwo ilé ìwobọ́ọ̀lù Aramọkọ: ìrànlọ́wọ́ ni ariwo náà, ẹni tí ń pa wọ́n lẹ́nu mọ́ kò mọ ohun tí sinimá wà fún.

Àwọn ọmọ ilé bàbá náà ti wo fíìmù aláǹtakùn méjèèjì, wọ́n sì ti gbọ́ pé ọdún 2027 ni wọ́n ti kéde fún ẹ̀kẹta. Wọn kò lè dúró dè é. Nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀ níbi tí a jókòó sí, wọ́n ti ń parí ìtàn náà fúnra wọn: ẹnì kan ní bàbá yóò kọ oyè náà sílẹ̀ fúnra rẹ̀ kí ikú má bàa rí i mú, ẹlòmíràn ní ikú kì í wo oyè kí ó tó pani, ẹ̀kẹta ní kí gbogbo akọni aláǹtakùn gbé òpó ayé dání kí ó má wó nígbà tí ọmọ bá ń gba bàbá rẹ̀ là. Ọmọbìnrin kékeré kan, tí kò tíì ju ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ lọ, ní gbogbo wọn ò gbọ́n. Ó ní láti ìgbà tí wọ́n ti ń du ẹ̀mí bàbá, kò sí ẹni tí ó bi ìyá léèrè, bẹ́ẹ̀ nọ́ọ̀sì ni, òun ló sì bí ọmọ. Wọ́n rò ó títí, wọ́n gbà fún un. Kíá, wọ́n tún ti bẹ̀rẹ̀ àríyànjiyàn mìíràn lórí ẹni tí wọn yóò rán lọ pe ìyá náà wá.